Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú Márùn-ún fún Yàrá Ìlọṣọ

Lẹ́tà náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú nǹkan, nítorí náà ilẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti bá a. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, kì í sì í ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gbà á gbọ́.

Ohun tí lẹ́tà náà wí kò pọ̀. Àwọn aláṣẹ ilé ìfọṣọ fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń lọ aṣọ ibùsùn, tó sì ń ká a fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá rà á, nínú èèyàn mẹ́fà tó wà ní yàrá ìlọṣọ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kù, ẹni tí yóò máa fi aṣọ sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aláàánú ni àwọn aláṣẹ, wọn kì í dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ náà yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ tirẹ̀, yàrá ìlọṣọ náà yóò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ tirẹ̀.

Jẹ́jẹ́ padà sí ìlà yẹn. Ẹ̀rọ náà yóò sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ó yí ìwé náà sẹ́yìn wò, bóyá àlàyé wà níbẹ̀. Kò sí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí yàrá yẹn ṣe rí, torí ẹni tí kò bá débẹ̀ rí kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ba ọkùnrin yìí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ògiri, ògiri náà kò sì dé òkè. Rólà ńlá kan tó ń gbóná bí ààrò wà láàárín, ó ń pariwo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí èèyàn bá lọgun síni létí, ó kàn máa rí bí ẹni tó ń yán ni. Nítorí náà ọwọ́ làwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́, ojú, èjìká. Wọ́n lè fi ọwọ́ ṣòfófó, wọ́n lè fi ọwọ́ bú èèyàn kó dun onítọ̀hún dé ilé.

Jẹ́jẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ló ń ká aṣọ níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó mú igun méjì, ìyàwó mú igun méjì, wọ́n á fà á, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, lẹ́yìn náà wọ́n á rìn pàdé ara wọn títí ojú wọn á fi kanra, obìnrin náà á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà irinwó lójúmọ́, bí aṣọ bá pọ̀. Nílé, ó ti máa ń rẹ àwọn méjèèjì jù, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Ibi aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń ṣe tọkọtaya. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohun tí ọmọ wọn obìnrin wí lórí fóònù, ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń bi í bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kù, ìyàwó òun ni wọ́n máa mú, torí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Òun á wá máa jókòó sílé. Ó gbìyànjú láti fojú inú wo bí obìnrin náà á ṣe máa rìn pàdé ẹ̀rọ.

Ní ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ fún ogún ìṣẹ́jú, gbogbo wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé láti mú ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

"Jẹ́jẹ́ ni," ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì wí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wá àbàwọ́n lára aṣọ, kó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. "Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

"Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí ni kẹ́ ẹ wí," ni ọkùnrin tó ń po sítáàṣì dáhùn. Sítáàṣì náà ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń dúró gbọnrangandan bí aṣọ tí wọ́n ti rì bọ inú rẹ̀.

"Ìyẹn gan-an ló dáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá ṣì wà nínú rẹ̀. Á ti pọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mi ò... ẹ wò ó... mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe wí i? Ó wọ̀ mí lára," ni Ojú Àwòdì wí.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Jẹ́jẹ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n tì sódò. Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú kúrò. "Bàbá wọn, ẹ má wò mí báyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa dáa jù. Èmi, bí mo bá débẹ̀, èébú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ àpò aṣọ. Gbólóhùn kan ni tíkẹ́ẹ̀tì kan lè gbà. Ó kọ nípa ooru. Ó kọ nípa ọjọ́ tí rólà fa apá ẹ̀wù ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti aṣọ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lára rẹ̀. Ó kọ pé awakọ̀ ọ̀gá àgbà máa ń gbé mọ́tò sí ojú fèrèsé wọn, kò sí atẹ́gùn. Ó kọ pé aṣọ tí èèyàn méjì bá ká máa ń rọ̀ lọ́nà kan. Kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn, ó kàn kọ ọ́. Nígbà tó parí, tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi okùn so wọ́n pọ̀.

Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wò ó.

Kò sí ohun tó wọ ilé yẹn tí wọn kì í fọ̀. Ojú Àwòdì ló kọ́kọ́ gbà á. Ó gbé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà sí ìmọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká.

"Níbí, ìbínú ni. Wò ó, ó ti ràn. Níbí, ẹ̀sùn. Níbí, àánú. Ẹ ò mọ̀ pé àánú kì í bọ́ bọ̀rọ̀? Ó máa ń pọ́n sí i bó bá pẹ́."

"Èyí ńkọ́?" ni Jẹ́jẹ́ bi í. "Mo kàn ní aṣọ máa ń rọ̀ ni."

"Rírọ̀ báwo? Àwọn kan á ní kí ló ń rọ̀. Yọ ọ́."

Ó fún àwọn méjì tó ń ti aṣọ sábẹ́ rólà. Àwọn yẹn ní tiwọn, bí wọ́n bá fẹ́ kí nǹkan mọ́, wọ́n á yí i, wọ́n á tún un yí. Wọ́n ń ka ohun tó kù náà sókè lórí àtẹ̀gùn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejìlá, bí gbólóhùn kan bá sì ti sú wọn, wọ́n á ní ó ti ṣí, kí wọ́n jù ú nù. Lẹ́yìn náà Sítáàṣì gbà á. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dẹ̀ jù, kò lè dúró níwájú aláṣẹ láìṣubú. Ó kó ọlọ́lá sí i, ó kó ọlọ́wọ̀ sí i. Ó jọ pé ìgò sítáàṣì ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n fi dá a padà fún Jẹ́jẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n ti lọ̀ ọ́. Mo ní wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó ṣì ń gbóná. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, ọlọ́wọ̀ jùlọ, ẹ̀yin ẹni iyì àti ẹni ẹ̀yẹ, àwa tí a wà ní yàrá ìlọṣọ wà ní yàrá ìlọṣọ. Ẹ ṣeun púpọ̀púpọ̀."

"Kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀!" ni Ojú Àwòdì wí, omi sì lé sí i lójú nítòótọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ kà á lábẹ́lẹ̀. Kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún wọn. Kí ló máa fi ìyókù ṣe?

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e jìnnà sí ojú. "Kí lọ̀rọ̀ yìí wí, Bàbá wọn?"

"Ó mọ́."

"Mo rí i pé ó mọ́. Mo ní kí ló wí?"

Jẹ́jẹ́ tún un kà. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wọ bàtà. "Ẹ wọ ẹ̀wù yín. Ẹ̀gbọ́n mi la fẹ́ lọ bá."

"Nísinsìnyí?"

"Ṣé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ ká lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ló fi wà nínú àpótí onígíláàsì kékeré ní ibùdókọ̀ ojú irin, tó ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Ó ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù kaná, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi imú sọ̀rọ̀: "Pìn-ìn-ìn. Tíì tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná yóò dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà." Jẹ́jẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí ìlà kankan nílẹ̀.

Ó ka tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ife tíì lé e lórí.

"Àna mi, jẹ́ kí n bi ọ́. Bí o bá sọ èyí tán, kí làwọn èèyàn yẹn máa ṣe?"

"Wọ́n lè pàtẹ́wọ́."

"Ogójì ọdún ni mo fi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Ẹyọ ẹnì kan! Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ rí kí èèyàn jókòó. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé ẹrù, wọ́n á máa sáré. Ìyá arúgbó á sáré. Sọ́jà á sáré. Àwọn tó ń fẹnu kora wọn á jára wọn jù sílẹ̀. Ìyẹn lọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

"Kí wọ́n má ra ẹ̀rọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Èyí kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ṣé mo kéde rí pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọkọ̀'? Wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Sọ ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe."

Jẹ́jẹ́ ń yí ife tíì rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, débi pé ọkùnrin náà kéde pé ìdáhùn ti pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n má bínú. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ìhà kejì tábìlì. Ó fi ọwọ́ wí nǹkan kan fún un, kékeré, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Sọ ọ́.

"Kí wọ́n wá wò ó," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ọkùnrin náà lu tábìlì. "Ta ni ká sọ fún? Láti ibo? Kí wọ́n gba ibo? Ìgbà wo? Kí ni kí wọ́n gbé dání? Kọ ọ́. Bó o bá kọ gbogbo ìyẹn, dákẹ́. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, ọkọ̀ á fi wọ́n sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Jẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ńkọ́, ọkùnrin náà ní kó wí i lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀ẹ̀kan fún àwọn tó ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì fún àwọn tó ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀kẹta fún àwọn tó ti sáré lọ síbi tí kì í ṣe ibẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà ńkọ́? Kí lo rò pé mo ń ṣe nínú àpótí? Ògiri ni mo máa ń dojú kọ. Mú ògiri kan. Má wo ojú ẹnikẹ́ni, bó o bá wo ojú wọn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Yàrá ìpàdé wà lókè, àtẹ̀gùn méjìdínlógún, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ tó fi jẹ́ pé èèyàn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà jókòó sí ìkángun tábìlì, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ náà ti wà níbẹ̀. Ó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù, ó funfun, ó ní táyà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti gbé ife omi síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e síwájú gbogbo èèyàn. Níwájú Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò sí omi.

Ó rí i pé kò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà tẹ nǹkan kan, ohùn obìnrin jáde, ohùn tó dùn bí oyin.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni ẹ̀rọ. Mo ń lọ, mo ń ká. Kì í rẹ̀ mí. Mi ò ní ẹbí. Ẹ ṣeun."

Yàrá bú fún àtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó yé èèyàn, kò sí àbàwọ́n, kò sì le. Ká ní ẹ̀rọ ló kọ́ òun ni, kì bá ti jìyà tó báyìí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ẹ̀rọ náà tún wí.

"Káàárọ̀ o," ni méjì nínú ìgbìmọ̀ dáhùn.

"Èmi ni ẹ̀rọ."

"A ti gbọ́," ni ọ̀gá àgbà wí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin tó ń tà á ń tẹ ibi gbogbo, ẹ̀rọ náà kò dákẹ́. Ó tún ṣàlàyé pé òun kò ní ẹbí. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan, obìnrin alágbà kan tó wé gèlè, ní, "Ó mà ṣe o." Níkẹyìn wọ́n da aṣọ bò ó lórí, ohùn náà sì wá ń dún lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ráhùn lójú oorun.

"Yàrá ìlọṣọ," ni ọ̀gá àgbà pè.

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló bọ́ sí i lọ́wọ́, èyí tí Sítáàṣì ṣe, tó le gbandi, àti ti Ẹ̀gbọ́n, tó rún. Ó wo ojú ọ̀gá àgbà, lójú ẹsẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó sáré wá ògiri. Ògiri kan wà lápá òsì tí kò sí nǹkan lára rẹ̀ àfi ìṣó kan. Ó dojú kọ ìṣó náà, ó fi imú mí.

"Pìn-ìn-ìn," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Gbogbo ojú yí sí i. Ó dà bíi pé ẹ̀rọ pàápàá dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń lọ sí yàrá ìlọṣọ, ẹ gba ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ẹrù yín dání. A ó gbéra nísinsìnyí."

Kò tíì wí i lẹ́ẹ̀kejì tó fi gbọ́ ariwo àga. Kò gbójú kúrò lára ìṣó. Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pa báàgì dé, tí ẹnì kan ń wá gíláàsì ojú rẹ̀. "Má bọ́ sí iwájú mi, mo ti wà níbí," ni ẹnì kan wí. "Ṣé á dúró lójú ọ̀nà?" ni ẹnì kejì bèèrè. Nígbà tó fi wí i lẹ́ẹ̀kẹta, tó sì yíjú padà, gbogbo àga ti ṣófo. Àwọn ìgbìmọ̀ tò lórí ìlà sí ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún, ọ̀gá àgbà ló wà níwájú, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọkùnrin kan nínú wọn tó ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sáré jáde, kò tíì de ṣòkòtò rẹ̀ tán. "Ṣé ó ti lọ? Ṣé ó ti lọ?"

"Kò tíì lọ, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ rọra."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń tà á náà kò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè tó ń kí àga káàárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ ṣí, ooru gbá wọn lójú, ariwo sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀gá àgbà ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Sítáàṣì rí i, ó dúró ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú Àwòdì fi ṣọ́ọ̀kì yí nǹkan kan ká lára táì ọmọ ìgbìmọ̀ kan kó tó rántí ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bi í: báyìí ńkọ́? Òun kò mọ ohun tó kàn. Ọ̀rọ̀ tí òun kọ parí sí ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa aṣọ gbígbóná kan yọ lábẹ́ rólà, ó sì fi igun méjì lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́.

Ọ̀gá àgbà ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbà á. Obìnrin náà fà, òun náà fà. Ó gbọ̀n ọ́n, ọ̀gá gbọ̀n tirẹ̀, aṣọ náà fẹ́ bí ìgbì. Wọ́n ṣẹ́ ẹ. Wọ́n rìn pàdé ara wọn, ọ̀gá àgbà fi igun tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n wò ó. Ó wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ ní ìdajì ìka. Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ bèèrè òmíràn. Èyí tún wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ yòókù kò fẹ́ dúró lásán, àwọn náà mú ara wọn ní méjì méjì. Ẹ ò rí i bí òógùn ṣe bò wọ́n. Ọ̀kan fi aṣọ ká ara rẹ̀ mọ́ inú.

Wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ fún ìsinmi ọ̀sán. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ọ̀gá àgbà ṣì di aṣọ kẹtàlélógún mú, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ó wọ́," ló wí.

"Ó wọ́ díẹ̀, sà," ni ìyàwó Jẹ́jẹ́ wí.

"Mo ti jẹ́ ọ̀gá níbí fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ̀ ọ́n ká." Ó wo àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. "A ò lè ti yàrá yìí báyìí. Mi ò tíì ká ọ̀kan kó gún. Akọ̀wé dà? Kọ ọ́ sílẹ̀. Yàrá á wà títí tí n ó fi ká ọ̀kan kó gún. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tún jíròrò lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni n ó máa wá."

"A fara mọ́ ọn," ni àwọn ìgbìmọ̀ wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá. Ọjọ́ Ẹtì kìn-ín-ní, ọjọ́ Ẹtì kejì, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́ sára ìṣó kan níbẹ̀, ó dúró síwájú ìyàwó Jẹ́jẹ́. Ó ń wọ́. Jẹ́jẹ́ a máa wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ rólà. Ó mọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe mọ tirẹ̀. Ó rí i pé ní ìparí, kí wọ́n tó kanra, ìka kékeré obìnrin náà máa ń fa aṣọ díẹ̀. Kò bi í. Ẹ̀rù ń bà á láti bi í. Olóòótọ́ lòun láti kékeré, bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin, ọmọ wọn obìnrin bímọ, ìyàwó rẹ̀ sì lọ bá a. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ká. Ọ̀gá àgbà wọlé, ó bọ́ kóòtù, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Jẹ́jẹ́. Kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Mo ti ń fi aṣọ ilé wa kọ́ ọ. Èmi àti ìyàwó mi. Láàárọ̀ yìí, ó kù bíńtín."

Rólà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fà á. Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀: ọkùnrin yìí ti kọ́ ọ nítòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, èjìká rẹ̀ rọ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ṣẹ́ ẹ, etí bá etí mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pàdé ara wọn. Ojú ọ̀gá àgbà ń dán bí ti ọmọ tó fẹ́ fi káàdì ilé ìwé han bàbá rẹ̀. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò. Nínú ọdún mọ́kàndínlógún, kò ká ọ̀kan kó wọ́ rí.

Ó fi ìka rẹ̀ kékeré fa aṣọ díẹ̀.

Wọ́n kanra. Ọ̀gá àgbà wo aṣọ náà, ó wo Jẹ́jẹ́, ó tún wo aṣọ náà. Jẹ́jẹ́ kò wo ìṣó, kò wo ògiri, ojú ọkùnrin náà gan-an ló ń wò, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Ètè ọ̀gá àgbà mì. Ariwo kò jẹ́ kó dún, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kà á: ó tún wọ́.

Ó mi orí, bí ẹni tó ń kẹ́dùn, ó sì yíjú sí ibi rólà láti mú òmíràn wá.